Àwọn Ìgò Tí Aáyán Jẹ Orúkọ Wọn

"Bá mi mú sódíọ́ọ̀mù kiloráìdì wá kíá, ọbẹ̀ yìí tẹ́!"

Ohùn ìyá àgbà ni yẹn láti ilé ìdáná. Èéfín igi ń yọ jáde lẹ́yìn wọn, irú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná sì ń ta mí nímú dé ibi tí mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sáré wọlé, mo na ọwọ́ sí pẹpẹ, mo gbé ike tí wọ́n kọ NaCl sí lára fún wọn. Iyọ̀ lásán ni. Ìyàwó tuntun tí àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tí a bu oúnjẹ, ó ní inú ń run òun, kò fẹnu kàn án. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ rẹ̀ tó fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé oògùn wo ni wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bí ilé ìdáná wa ní Ẹdẹ ṣe rí nìyẹn. Kò sí ike tàbí agolo tí kò ní ìwé pélébé lára. Èyí tí wọ́n ń kó ẹfun sí, CaCO₃ ló wà lára rẹ̀. Omi pàápàá, wọ́n kọ H₂O sí ara ìkòkò àmù, bí ẹni pé a lè ṣì í mú. Káún nìkan ni kò ní fọ́múlà. Wọ́n ní káún kì í ṣe ẹnì kan, èrò púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ò sì lè fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo pe odidi ọjà. Àwọn ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà tijú díẹ̀ nígbà náà, mi ò ní purọ́.

Ìyá àgbà kì í ṣe tíṣà. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà tí owó fi tán nílẹ̀ bàbá wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú ni kí wọ́n máa fọ ìgò nínú láàbù, kí wọ́n máa nu tábìlì, kí wọ́n sì máa ti ilẹ̀kùn bí ilé ìwé bá parí. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wọn nídìí omi ẹ̀rọ, etí wọn kò sí nínú omi. Ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kan tó ti gbó. Èyí tí kò bá yé wọn, wọ́n á dúró kí àwọn ọmọ jáde tán, wọ́n á wá sún mọ́ tíṣà, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi kọ méjì sí abẹ́ ìyẹn tí ẹ ò kọ ọ́ sí abẹ́ èyí?" Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi béèrè ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn tíṣà ń wá, wọ́n ń lọ, ìyá àgbà nìkan ló dúró ti àwọn ìgò.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni lílẹ lébẹ́ẹ̀lì. Gọ́ọ̀mù ilé ìwé máa ń gbẹ sínú ìgò rẹ̀ kí sáà tó dé ìdajì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a bá sẹ́ ògì nílé, wọ́n á dá díẹ̀ sí, wọ́n á rò ó lórí iná títí yóò fi ki dáadáa, wọ́n á dà á sínú agolo mílíìkì, ó di láàbù. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ nígbà ìsinmi. Mo ṣì ń gbóòórùn ibẹ̀: ògì kíkan, ọṣẹ, àti òórùn ásíìdì kan tó máa ń fẹ́ mú ni sín. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé, wọ́n á ní "Bísímílà", wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á kọ fọ́múlà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí abẹ́ rẹ̀.

"Ìgò tí kò bá lórúkọ," wọ́n á máa sọ fún mi, "májèlé ni kó o máa pè é títí yóò fi fi ara rẹ̀ hàn."

Ọdún tí mo wọ ilé ìwé náà gan-an ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí, nítorí mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ìyá àgbà mi ló ni láàbù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé kíláàsì tí a ti ń ya sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ pé wọn ò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí fọ́múlà kò yé mi rárá. Orúkọ ni mo ń há sórí, nọ́ńbà ńkọ́? Mo kàn ń fi nọ́ńbà síbi tó bá wù mí, bí ẹni ń wọ́n ata. Tíṣà kẹ́míísírì wa, àgùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀gbìn ló kọ́ ní yunifásítì, dá ìwé ìdánwò mi padà pẹ̀lú méjì nínú ogún. Ó ní bí mo bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n máa kó ìwé mi lọ sí kíláàsì mìíràn. Mo ká ìwé náà kékeré, mo fi há abẹ́ ẹní. Èmi tí mò ń fọ́nnu!

Ìyá àgbà rí i níbi tí wọ́n ti ń gbá yàrá. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn gan-an, nítorí ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n sì kà á pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n pe àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kéwú dé, wàláà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ gbé wàláà yẹn ti ògiri. Ìwọ, kálísíọ́ọ̀mù ni ẹ́, na ọwọ́ rẹ méjèèjì. Ìwọ, kiloráìnì ni ẹ́, ọwọ́ kan péré lo ní, ká èkejì sẹ́yìn. Ẹ di ara yín mú."

Wọ́n di ara wọn mú. Ọwọ́ òsì kálísíọ́ọ̀mù ń bẹ nínú afẹ́fẹ́.

"Ọkọ mi," ìyá àgbà pè mí, "ṣé o rí ọwọ́ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn?"

"Mo rí i, mà."

"Ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣófo. Kí la máa ṣe sí i?"

Mo ronú díẹ̀. Mo fa ọmọ kejì wá, mo ká ọwọ́ rẹ̀ kan sẹ́yìn, mo sì fi èkejì sínú ọwọ́ òsì tó ń rọ̀ náà. Kálísíọ́ọ̀mù kan, kiloráìnì méjì. CaCl₂. Méjì tí mo ti ń wọ́n bí ata látọjọ́ yìí, ọmọ ènìyàn ni!

"Ẹni tó ń fúnni là ń kọ́kọ́ dárúkọ," wọ́n ní, "ẹni tó ń gbà ló ń tẹ̀ lé e. Sọ́féètì ńkọ́? Sọ́féètì kì í ṣe ẹnì kan, agbo ilé ni. Wọ́n jọ ń rìn ni, ọwọ́ méjì ni gbogbo wọn ní lápapọ̀. Tó bá ju agbo ilé kan lọ, o gbọ́dọ̀ fi ọgbà yí wọn ká, kó o tó kọ iye wọn sí ẹ̀yìn ọgbà."

Wọ́n tú ìró òkè, wọ́n fi yí àwọn ọmọ náà ká láti fi hàn mí. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú ọgbà, ewúrẹ́ kan fẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n, ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ lé e, wọ́n ní, "Kúrò ńbẹ̀, ìwọ kọ́ ni sọ́féètì." Títí irun Àsárì la fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yé mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kó yé ni nínú àgbàlá ọ̀tọ̀, kó yé ni níwájú tíṣà ọ̀tọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí tíṣà yẹn gan-an sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo rò pé ó wá fẹjọ́ mi sùn ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, wọ́n fún un ní àga, ó jókòó sí etí rẹ̀.

"Mà, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nínú láàbù, a ò ṣí i fún ìgbà pípẹ́. Aáyán ti jẹ lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára ìgò mẹ́fà. Ó jẹ orúkọ wọn tán pátá, mà. Funfun ni gbogbo ohun tó wà nínú wọn, mi ò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn tó fẹ́ gba ìwé mẹ́wàá máa ṣe ìdánwò tí wọ́n ń fi ohun inú ìgò wọ̀nyí ṣe, kò sì sí òmíràn tí a lè fi ṣe é."

"Kí ni pirínsípà sọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní tí a ò bá mọ̀ wọ́n, ká kó wọn dànù. Wọ́n tún ní… wọ́n ní ẹni tó fi ẹ̀kọ lẹ ìwé ló fà á, mà."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ti ń jẹ ọbẹ̀ wa dáadáa nígbà náà, dá ọwọ́ dúró nínú ìṣasùn tó ń fọ̀. Mi ò tíì rí ojú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ohun tí wọ́n fi ń gbé orí sókè láàárín àwọn tó kàwé jù wọ́n lọ, aáyán ti fi ṣe oúnjẹ.

"Òótọ́ ló sọ," wọ́n ní níkẹyìn. "Èmi ni mo tẹ́ oúnjẹ fún aáyán, tí mo tún fi orúkọ ṣe ẹran lé e lórí. Màá wá lọ́la. Mo mọ ohun tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ojú tí màá fi kọ ọ́ ni mi ò ní mọ́." Wọ́n yíjú sí mi. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ lo máa kọ ọ́."

Tíṣà wò mí. Méjì nínú ogún wà lójú rẹ̀ kedere.

Láàárọ̀, ìyá àgbà yọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láàbù jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ń rùn fún káńfọ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ lórí ìró àti bùbá, wọ́n gbé agolo mílíìkì dání, a wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ti kún ojú fèrèsé. Pirínsípà dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó kí ìyá àgbà, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìgò mẹ́fà wà lórí tábìlì, ìwé díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára wọn rí wúruwùru.

Ìyá àgbà kò kánjú. Wọ́n gbé ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n mì í lẹ́bàá etí, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí tíṣà bá wọn gbé ásíìdì àti omi sódà irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, àwọn yẹn ni orúkọ wọn wà lára gíláàsì fúnra rẹ̀ tí aáyán kò lè jẹ. Ìgò àkọ́kọ́, wọ́n bu díẹ̀ sínú omi, kò yọ́. Wọ́n kán ásíìdì sí i, ó hó yaya. "Kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì." Mo kọ ọ́, CaCO₃. Ìkejì hó bákan náà, àmọ́ èyí yọ́ sínú omi. "Sódíọ́ọ̀mù kábónéètì. Kábónéètì ọlọ́wọ́ méjì, sódíọ́ọ̀mù ọlọ́wọ́ kan." Mo kọ Na₂CO₃. Ìkẹta, wọ́n da omi sódà lé e, wọ́n gbé e gbóná díẹ̀, òórùn kan jáde bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú póò, àwọn ọmọ ojú fèrèsé di imú. "Amóníọ́ọ̀mù kiloráìdì. Ẹ ò rí i pé kì í fi ara pamọ́."

Ìkẹrin ni mo ti ṣubú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti tutù, ó ti fẹ́ di omi lẹ́nu ìdérí. "Èyí máa ń làágùn," ìyá àgbà ní, "bó o ṣí i sílẹ̀ kó o tó lọ kírun, wàá bá a nínú omi. Kálísíọ́ọ̀mù kiloráìdì ni." Pirínsípà ti sún mọ́ ẹ̀yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo kọ ọ́ kíá.

"Kà á fún mi," ni ìyá àgbà wí.

"C-a, C-l."

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

Tíṣà wúkọ́. Mo mọ̀ pé ó ti rí i. Ìyá àgbà na ọwọ́ wọn méjèèjì sí mi lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì dúró. Mo di ọ̀kan mú. Èkejì wà nínú afẹ́fẹ́, awọ rẹ̀ ti hunjọ, àpá ásíìdì àtijọ́ wà lára ìka rẹ̀. Ojú tì mí, lẹ́yìn náà mo bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé padà, mo sì kọ méjì kékeré sí abẹ́.

"Ọwọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣófo," mo ní.

"Ẹ̀hẹ́n!"

Fún ìkarùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bu omi ẹrẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fi ẹyọ kan láti inú ìgò náà sí i, wọ́n rò ó, wọ́n gbé e kalẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Ẹrẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣùjọ, ó ń rọra lọ sí ìsàlẹ̀, omi òkè sì mọ́. "Alumíníọ́ọ̀mù sọ́féètì." Ọwọ́ mẹ́ta, agbo ilé ọlọ́wọ́ méjì. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí mi. Alumíníọ́ọ̀mù méjì, agbo ilé mẹ́ta, mo fi ọgbà yí wọn ká: Al₂(SO₄)₃. Mo kà á sókè. Tíṣà ní, "Ó pé." Mo rí bí ó ṣe wò mí. Kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀.

Ó ku ìkẹfà. Ìyá àgbà gbé e, wọ́n mì í, wọ́n fi ásíìdì dán an wò, wọ́n fi omi sódà dán an wò, wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Mi ò mọ èyí," wọ́n ní. "Lẹ́yìn ìgbà tèmi ni wọ́n gbé e síbẹ̀."

"Màmá," ni pirínsípà wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "márùn-ún ti bọ́ sí i. Ẹ kàn fún èyí náà lórúkọ kan tó sún mọ́ ọn, kí mẹ́fà lè pé."

Mo rò pé wọ́n máa gbà. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n ti gba iyì wọn padà, gbogbo ojú fèrèsé ló ń wò wọ́n.

"Rárá o, sà. Aáyán jẹ orúkọ òótọ́, ìyẹn ò dára. Kí èmi wá fi irọ́ rọ́pò rẹ̀, mo burú ju aáyán lọ." Wọ́n kọjú sí mi. "Ọkọ mi, kọ ọ́ síbẹ̀: A kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo kọ ọ́ gààrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí agolo mílíìkì. Tíṣà lanu. "Mà! Ògì náà tún ni?" Ìyá àgbà ní kí ó fara balẹ̀, kí ó bu kọ́pà sọ́féètì díẹ̀ fún àwọn, òkúta búlúù tó jẹ́ májèlé fún kòkòrò, tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ ògì títí ó fi ní àwọ̀ búlúù. "Kí ó wá jẹun báyìí," wọ́n ní. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ lébẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti àárín lọ sí etí, wọ́n sì lu agolo náà pẹlẹbẹ kí ẹnikẹ́ni má fi bu oúnjẹ mọ́.

Pirínsípà tú ọwọ́ tó ká sẹ́yìn, ó tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, tíṣà wa," ó ní. Àwọn ọmọ ojú fèrèsé pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, ìyá àgbà ń wo ìta títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Wọ́n wá ní, "Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí." Èmi kò kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ibi tí wọ́n ti ń fọ omi odò kó tó dé ilé àwọn aráàlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alumíníọ́ọ̀mù sọ́féètì la fi ń rọ ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nínú táǹkì ńlá ńlá, kì í ṣe nínú ife mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tí omi ń mọ́ láti òkè, láàbù yẹn ni mo máa ń wà. Mo máa ń yangàn níbẹ̀, mi ò sì tijú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí ilé ìwé náà kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ fún mi. Márùn-ún nínú àwọn ìgò náà ti tán lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe yẹ. Ìkẹfà wà níbẹ̀. Ìwé ọmọdé mi ṣì wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, aáyán kankan kò tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Nínú gbogbo orúkọ tí mo kọ lọ́jọ́ náà, òun ló wú mi lórí jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgò omi kan tí wọ́n bù láti abúlé wá fún àyẹ̀wò dé ọ̀dọ̀ wa níbi iṣẹ́, òjò sì ti fọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n kọ orúkọ abúlé tó bá sún mọ́ ọn, kí iṣẹ́ lè lọ. Mo gé ìwé pélébé kan, mo kọ ọ́ sí i pé a kò mọ̀ ọ́n, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò náà, láti àárín lọ sí etí.